Bọ́tìnnì Tó Wà Lọ́rùn Màámi

Ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó dá mi lẹ́bi. Ìyá mi ń bẹ láyé, ara rẹ̀ sì ń yá díẹ̀díẹ̀, ó sì yẹ kí n máa fìyẹn dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè é lórí fóònù báyìí, bí ẹni ń dá òṣìṣẹ́ ìjọba lóhùn ló ṣe ń dá mi lóhùn. "Ẹ káàsán, mà." Ìyá tó bí mi lọ́mọ ló ń kí mi bẹ́ẹ̀! Oríkì mi tó fi ń jí mi láti kékeré, kò pè é mọ́ láti ọjọ́ Ìkórè. Àbúrò mi kan ṣoṣo ń bá mi sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ni. Àwọn ará ilé wa ní Rore sì ti gbà pé èmi ni àkọ́bí tí kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbó. Mi ò sunkún o. Èmi kì í ṣe ẹni tí ẹkún yá lójú. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ti kọ́ mi láti wo nǹkan bó ṣe rí kí n tó sọ pé ó dára tàbí kò dára, bóyá òun náà ló sì kó mi sí wàhálà yìí.

Àbújá ni mo ń gbé, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀rọ wò kí wọ́n tó tà á fún aráyé. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá ń fi afẹ́fẹ́ ránṣẹ́, ìbáà ṣe fóònù, ìbáà ṣe kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ láti òkèèrè, òfin ní kí wọ́n gbé e wá ká yẹ̀ ẹ́ wò. A ó wò ó bóyá agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù, bóyá yóò dí ẹ̀rọ ẹlòmíràn lọ́wọ́, bóyá kò ní ṣe ìpalára fún ara ẹni tó ń lò ó. Bó bá yege, á gba ìwé àṣẹ. Iṣẹ́ tí kò láriwo ni. Bí àwọn ará ilé bá bi mí pé kí ni mò ń ṣe gan-an, mo máa ń sọ pé mò ń lu òǹtẹ̀ fún ẹ̀rọ, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Màámi ní tirẹ̀ a máa sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé iṣẹ́ afẹ́fẹ́ ni ọmọ òun ń ṣe.

Kọ́lá, àbúrò mi, Ọ̀mù-Àrán ni ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wà. Òun ló ń tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ṣe ní gbogbo agbègbè wa, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Òun ló ń lọ wo Màámi ní Rore ní òpin ọ̀sẹ̀. Láti ìgbà tí Bàbá wa ti kú ni Màámi ti ń dá gbé nínú ilé ńlá yẹn. A bẹ̀ ẹ́ títí kó wá bá ọ̀kan nínú wa gbé, ó ní ta ni yóò máa ṣí fèrèsé ilé Bàbá? A wá ọmọbìnrin kan tí yóò máa bá a gbé, ó dá a padà sílé wọn, ó ní ọmọ náà ń wo òun bí ẹni ń wo òkú. A ra fóònù fún un, orí bẹ́ẹ̀dì ló ń wà tí òun fi ń lọ sóko. Gbogbo yín tí ẹ ní ìyá ní abúlé, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí Kọ́lá nínú. Ó ṣe kinní kékeré kan bí ìdérí ìgò, ó fi okùn sí i, wọ́n á gbé e kọ́ ọrùn. Bí arúgbó bá ṣubú tàbí bí àìsàn bá gbé e, á tẹ bọ́tìnnì àárín rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, aago á dún nínú yàrá aládùúgbò, fóònù tó wà nínú kinní náà á sì pe ọmọ rẹ̀ níbi yòówù tó wà. Ti Màámi, inú yàrá Ìyá Ráfíù ni wọ́n gbé aago rẹ̀ sí, ìyá oníṣòwò tí ògiri kan ṣoṣo pín àwa àti wọn níyà. Nígbà tí Kọ́lá fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, inú mi dùn débi pé mo fi han gbogbo ọ́fíìsì. Ẹ má ṣe rò pé mo kórìíra iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò mi.

Ó wá ku ìwé àṣẹ. Kọ́lá kò ṣe ohun tó ń ránṣẹ́ sí aago yẹn fúnra rẹ̀ o. Ó rà á láti òkè òkun ni, ẹ̀yà ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí kò tó ojú àtàǹpàkò, mọ́júùlù ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Àwọn tó ṣe é ti gbé e yẹ̀ wò, ó ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Kọ́lá ní kí ló tún kù? Ó ní ohun tó ń lo afẹ́fẹ́ ti ní ìwé, ike àti bátìrì lásán ni òun fi kún un. Kì í ṣe òun nìkan ló ń rò bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá sí ọ́fíìsì wa ló ń rò bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ó dà bí ẹran tí dókítà ẹran lu ní òǹtẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Òótọ́ ni pé ẹran náà dára, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ yẹn kò sọ nǹkan kan nípa ọbẹ̀ tí èèyàn bá fi sè.

Mo ní kó ka ìwé mọ́júùlù náà dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àǹtẹ́nà tó bá a wá nìkan ni kí wọ́n lò, pé kò gbọdọ̀ sún mọ́ ara èèyàn, pé wọn kò sì gbọdọ̀ kó o pọ̀ mọ́ ohun mìíràn tó ń lo afẹ́fẹ́ nínú ike kan náà. Kí ni Kọ́lá ṣe? Nítorí àwọn òkè tó yí wa ká, ó yọ àǹtẹ́nà tó bá a wá, ó fi wáyà tó gùn sínú okùn ọrùn kí ìró rẹ̀ lè lọ jìnnà. Ó ti ẹ̀yà fóònù mọ́ ọn nínú ike kan náà. Ó wá gbé gbogbo rẹ̀ lé àyà arúgbó. Gbogbo ohun tí ìwé yẹn dúró lé ló ti yí padà, ó sì tún ń fi ìwé náà yangàn!

"Kọ́lá, gbé e wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò," mo sọ fún un.

"Àǹtí, wọ́n ní àwọn tó wà lórí ìlà níbẹ̀ pọ̀ bí eéṣú. Ìkórè sì ti dé. Ẹ ṣáà fọwọ́ sí i. Ṣebí ìyá wa náà ni kinní ọ̀hún wà fún?"

"Nítorí pé ọmọ ìyá mi ni ẹ́ gan-an ni mi ò fi lè fọwọ́ kàn án. Ẹlòmíràn ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó dákẹ́. Mo rò pé ó ti gbà ni. Àṣìṣe mi nìyẹn, nítorí Kọ́lá kì í dákẹ́ lásán.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Ìkórè yìí fún ẹni tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ọmọ ìjọ wa tó wà ní ìdálẹ̀ ti gbọ́ nípa bọ́tìnnì náà, wọ́n sì ti pinnu pé àwọn yóò fi ta àwọn arúgbó ìjọ tó ń dá gbé lọ́rẹ lọ́jọ́ Ìkórè. Ní ọ̀dọ̀ wa, ohun tí wọ́n bá ti gbé dé iwájú pẹpẹ lọ́jọ́ yẹn, tí àlùfáà gbàdúrà sí, ti Ọlọ́run ni. Bí iṣu tí o gbé lọ bá tilẹ̀ ní ihò, o ò lè padà lọ pààrọ̀ rẹ̀. Ta ni yóò wá gbé ohun tí wọ́n ti yà sí mímọ́ lọ sílé, tí yóò máa fi súkúrù-dírábà tú u? Ìdí nìyí tí mo fi bẹ Kọ́lá pé kó má ṣe gbé e dé pẹpẹ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ẹlòmíràn á yẹ nǹkan wò tán kí wọ́n tó gbàdúrà sí i, àwa ń gbàdúrà ṣáájú.

Mo lọ sílé fún Ìkórè náà. Ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kíréètì ẹyin wà níwájú títí dé ẹsẹ̀ pẹpẹ. Bí mo ṣe wọlé ni mo rí àwọn arúgbó tí wọ́n tò sí bẹ́ǹṣì iwájú, kálukú pẹ̀lú bọ́tìnnì funfun lọ́rùn. Màámi wà láàárín wọn, ó wọ léèsì rẹ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó na ọrùn sókè kí wọ́n lè rí tirẹ̀. Mo wá ojú Kọ́lá, kò jẹ́ kí ojú wa ṣe mẹ́rin.

Bàbá Ìjọ gba máíìkì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìdálẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Kọ́lá, ó wá na ọwọ́ sí ọ̀dọ̀ mi. "Ẹ ò ní rí ibi tí ọmọ ti ń ṣe rere tó báyìí! Ọmọ wa tó wà l'Ábújá, ẹni tí ìjọba fi ṣọ́ afẹ́fẹ́, òun náà ti fọwọ́ sí i! Ọmọ mi, jáde wá, wá bá wa sọ̀rọ̀." Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé orin, àwọn ìyá ìjọ jó pàdé mi. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ jókòó. Mo jáde, wọ́n gbé máíìkì lé mi lọ́wọ́.

Ṣé kí n ti dákẹ́ ni? Mo ti bi ara mi léèrè títí. Ó rọrùn kí n sọ pé a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí n jó padà sí àyè mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá jó padà, mo ti fọwọ́ sí i nìyẹn, lójú gbogbo ìjọ, mo sì mọ ohun tí mo mọ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Mi ò tíì fọwọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbé e kọ́rùn."

Bàbá Ìjọ rọra gba máíìkì lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé, ó ní ká kọ orin. Wọ́n kọ orin, àlùfáà jáde, ó gbàdúrà sí bọ́tìnnì náà pẹ̀lú òróró. Kò sí ẹni tó bọ́ ọ lọ́rùn. Màámi di tirẹ̀ mú nínú àtẹ́lẹwọ́, kò wo ibi tí mo wà títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Nígbà tí a délé, Màámi pè mí wọ yàrá. Ó ní òun kò bínú, òun kàn fẹ́ kí n fọwọ́ sí iṣẹ́ àbúrò mi kí ìtìjú náà lè kúrò lójú wa. Mo tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyá mi kúnlẹ̀ fún mi! Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Èmi náà dojúbolẹ̀, mo ń fà á sókè, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má fìyà jẹ mí. Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé mo gbà. "Màámi, mi ò lè ṣe é," mo wí. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé ògiri, ó wé gèlè rẹ̀ padà, ó sì ní, "Ẹ ṣeun, mà." Ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí òjò tún padà rọ̀ ni Màámi ṣubú. Ẹ̀yìnkùlé ló wà, ó fẹ́ ti ọpọ́n sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì sán. Òjò ń pa á nílẹ̀, kò lè dìde. Ó tẹ bọ́tìnnì. Aago dún nínú yàrá Ìyá Ráfíù, òun àti ọmọ rẹ̀ sáré jáde, wọ́n gbé e dé ọsibítù ní Ọ̀mù-Àrán. Dókítà sọ pé bó bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú òtútù yẹn, ọ̀rọ̀ ì bá di nǹkan mìíràn.

Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ gan-an rèé, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kọ́lá pè mí, ó ní, "Àǹtí, Màámi ṣubú. Bọ́tìnnì ṣiṣẹ́." Kí n tó dúpẹ́, kí n tó béèrè pé báwo ni ìyá mi ṣe wà, ohun mìíràn ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ó dùn mí pé ó ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó dùn mí, bí ẹni tí wọ́n bá jiyàn tó sì pàdánù. Kò pẹ́ rárá, mo sáré béèrè pé ibo ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n Kọ́lá gbọ́ àlàfo yẹn. Ọmọ ìyá mi ni, ó mọ̀ mí. Irú ọmọ wo ni mí?

Gbogbo Rore gbọ́ pé bọ́tìnnì tí wọ́n ní kò ní ìwé ló gba Ìyá là. Wọn kò bú mi lójú, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí mo bá ń kọjá. Èmi náà ì bá gbà pé mo ti jẹ̀bi, àfi pé Kọ́lá fúnra rẹ̀ ló gbé páálí wá bá mi l'Ábújá lẹ́yìn náà. Ó ní bàbá kan níhà Òkè-Ọdẹ, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fi bọ́tìnnì ta lọ́rẹ, tẹ tirẹ̀ láti fi pe aládùúgbò wá jẹun, aago kò dún. Ó tún un tẹ̀, kò dún. Lọ́jọ́ kejì, ó dún geere. Ẹ̀rù ba Kọ́lá. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi fún wọn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò."

Èmi kò dá sí i, ẹlòmíràn ní ọ́fíìsì wa ló yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tó kàn án. Ohun tó rí kò ṣòro lóye. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára, kò séwu. Ṣùgbọ́n níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀yà fóònù inú rẹ̀ á máa fi gbogbo agbára wá a, ariwo rẹ̀ á sì gbé ìró tó ń lọ sí aago mì. Nígbà mìíràn aago á dún, nígbà mìíràn kò ní dún. Wáyà gígùn inú okùn yẹn náà ń da agbára sí ara èèyàn ju bí òfin ṣe fàyè gbà lọ. Ó di dandan kí wọ́n ya méjèèjì sọ́tọ̀, kí wọ́n dá àǹtẹ́nà rẹ̀ padà, kí wọ́n sì tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò. Títí di ìgbà yẹn, gbogbo èyí tó wà lọ́rùn àwọn arúgbó, kíkó ni kí wọ́n kó o kúrò. Mi ò sọ fún Kọ́lá pé ṣebí mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sí pálọ̀ mi, ó gbé orí lé ọwọ́, mo bu oúnjẹ fún un.

Kọ́lá kì í ṣe ọmọdé. Ó lọ láti ilé dé ilé, ó ṣàlàyé, ó gba bọ́tìnnì náà, àwọn kan sì ṣépè fún un pé ó gba ohun tí wọ́n ti fi fún Ọlọ́run. Ti Màámi nìkan ló kù. "Ẹ lọ gbà á fúnra yín, Àǹtí," ó wí. "Èmi ò lè ṣe é."

Mo wọkọ̀ lọ sí Rore. Mo bá Màámi níwájú ilé lórí àga, ọ̀pá tó fi ń rìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bọ́tìnnì náà lọ́rùn. Ìyá Ráfíù kò sí nílé, ó ti lọ sí ọjà. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sọ ohun tí wọ́n rí fún un, mo sọ ọ́ ní èdè wa, mo sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá mi lẹ́nu. Mo wá na ọwọ́ pé kó fún mi.

"Ọjọ́ tí mo ṣubú," ó wí, "ṣé kò dún?"

"Ó dún, Màámi."

"Bí mo bá bọ́ ọ fún ẹ lónìí, tí mo sì tún ṣubú lọ́la, ta ni yóò gbọ́ mi? Ṣé ìwọ tó wà l'Ábújá ni?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìbéèrè ló bi mí, ó sì ń wo ẹnu mi pé kí n dáhùn. Ọwọ́ mi ṣì wà ní nínà níwájú rẹ̀ bí ọwọ́ alágbe. Màámi mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó lọ bu oúnjẹ wá fún mi. Mo jẹun tán, mo fọ abọ́, mo wọkọ̀ padà. Bọ́tìnnì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ẹ̀yin ìyá fúnra yín, ẹ là mí lọ́yẹ. Ṣé kí n padà lọ já a lọ́rùn rẹ̀ tipátipá ni? Àbí kí n fi í sílẹ̀, kí n máa gbàdúrà pé kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára ní Rore lọ́jọ́ tí yóò tún tẹ̀ ẹ́? Kọ́lá ń ṣe òmíràn, yóò sì pẹ́ kó tó parí. Gbogbo òfin iṣẹ́ mi ni mo mọ̀ lórí, mo ti wá ìdáhùn títí, ohun kan ṣoṣo tí mo rí tí mo lè fi lé e lọ́wọ́ bó bá bọ́ bọ́tìnnì yẹn fún mi ni èmi fúnra mi, èmi kò sì tíì lè sọ fún un pé mò ń bọ̀ wálé.